Ẹ̀kọ́ Keje: Ẹ Fọ Èèpo Kí Ẹ Tó Gé Bàrà

A kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbin bàrà olómi, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní wọ́tàmẹ́lọ̀n. Ẹ mọ̀ ọ́n gbìn. Ẹ mọ ìgbà tó ń gbó, ẹ sì mọ bó ṣe ń dún tí ẹ bá fi ìka gbá a. Ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ òní dá lé. A ó sọ ọ́, a ó tún un sọ, nítorí àwọn tó kàwé níbí ṣáájú yín kò tètè gbà á.

Ohun náà nìyí: ìdọ̀tí tó wà lára èèpo máa ń wọ inú bàrà.

Wọ́n a máa bi wá pé, "Ṣé èèpo la ń jẹ ni? Ṣebí a ó jù ú nù." Òótọ́ ni, a kì í jẹ èèpo. Ṣùgbọ́n kí la fi ń gé bàrà? Ọ̀bẹ ni. Kí ni ọ̀bẹ kọ́kọ́ kàn? Èèpo ni. Ibo ló gbà lẹ́yìn náà? Ibi pupa tí a ó jẹ ni. Bí ìgbẹ́ màlúù bá wà lára èèpo, ọ̀bẹ á gbé e wọlé. Bí ẹni tó yàgbẹ́ tí kò fọwọ́ bá di èèpo mú, ọ̀bẹ á gbé ìdọ̀tí ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Ojú kò lè rí kòkòrò tó ń fa àìsàn. Bàrà lè máa dán, kó má mọ́.

Ní ọdún 2011, oko kan ní ìpínlẹ̀ Colorado, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ta irú bàrà kan tí wọ́n ń pè ní cantaloupe. Èèpo rẹ̀ kì í dán, ó rí ṣákiṣàki. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Listeria wà lára rẹ̀. Èèyàn 147 ló ṣàìsàn, 33 nínú wọn sì kú. Àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba yẹ ilẹ̀ oko náà wò, wọn kò rí kòkòrò yìí níbẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń fọ èso, tí wọ́n ti ń dì í, ni wọ́n ti bá a. Omi dá rogún sílẹ̀ níbẹ̀. Pòtétò ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ìfọso wọn fọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ sì ṣòro láti fọ̀ mọ́. Ẹ gbọ́ o: wọ́n fọ bàrà, ibi tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ ló dọ̀tí. Omi ìdọ̀tí kì í fọ nǹkan mọ́. Ṣe ló ń gbé ìdọ̀tí láti ara ọ̀kan lọ sára gbogbo yòókù.

Nítorí náà, omi tó ṣeé mu ni kí ẹ fi fọ bàrà. Ẹ má ri èyí tó gbóná láti inú oòrùn sínú omi tútù, torí ó lè fa omi náà mu láti ojú ibi tí a ti gé e lára ìtàkùn.

Lóko, ìdí irúgbìn ni kí ẹ máa bomi sí, kì í ṣe orí èso. Ìlànà àwọn àgbẹ̀ tí kì í lo kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà ni pé ìgbẹ́ ẹran tútù tí a fi ṣe ajílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wọlẹ̀ fún 120 ọjọ́, ó kéré tán, kí a tó kórè èso tó ń kan ilẹ̀. Bàrà olómi kì í sábà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó gbó. Ẹ rí i pé ó ti yẹ kí ìgbẹ́ wọlẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ọjọ́ ìgbìn.

Ẹ gbẹ́ ṣáláńgá jìnnà sí oko àti sí kànga, kí ẹ gbé omi àti ọṣẹ síbẹ̀. Ẹni tó gba alágbàṣe, tí kò pèsè ibi ìyàgbẹ́ fún wọn, kò ṣe bí ọmọlúàbí. Bàrà tó ti là, ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni, ẹ má tà á ní ọ̀pọ̀ pàápàá. Ọmọ ẹlòmíràn ni yóò jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gé e tà lọ́jà, ẹ fi búrọ́ṣì fọ èèpo lábẹ́ omi tó ń ṣàn, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fọ ọ̀bẹ, kí ẹ tó gé e. Bàrà tí a ti gé kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí méjì lọ. Nínú ooru ọ̀sán gangan, wákàtí kan ti tó. Ìwọ̀nba tí ẹ lè tà láàárín àkókò yẹn ni kí ẹ máa gé, kí ẹ fi odidi yòókù sílẹ̀ lábẹ́ ibòji.