Ṣé Ata Ni àbí Kẹ́ẹ̀gì? Bí A Ṣe Ń Dán Àbá Wò

Màámi ń ta ẹ̀wà. Láti kékeré ni mo ti ń rí i pé bí ẹ̀wà olóyin bá pọ̀ lọ́jà, wọ́n á rà á sílẹ̀, wọ́n á rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á da ata ṣọ̀ǹbọ̀ gbígbẹ lé e lórí, wọ́n á sì dé e pinpin. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, bí a bá ṣí i, ẹ̀wà náà á mọ́ tónítóní. "Ata ni," ni wọ́n máa ń wí. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ìyàwó àbúrò mi fi da ata sínú àpò ẹ̀wà tirẹ̀, tó so ẹnu àpò náà, tí kòkòrò sì sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ata yín ò ṣiṣẹ́ o." Màámi ní ata tirẹ̀ ni kò gbẹ.

Ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì? Kò sẹ́ni tó lè sọ, nítorí nǹkan méjì ni Màámi ṣe pọ̀: wọ́n da ata, wọ́n sì dé kẹ́ẹ̀gì pinpin. Kòkòrò ẹ̀wà ń mí bí àwa náà ṣe ń mí. Bí a bá sé e mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, á fa ọ́síjìn ibẹ̀ tán, ọmọ rẹ̀ ò ní lè jẹun dàgbà mọ́, gbogbo wọn á sì kú. Ọgbọ́n yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kamẹrúùnù lò ní ìparí àwọn ọdún 1980 láti fi ṣe àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS. Ọ̀rá méjì wà nínú, àpò híhun bíi ti ìrẹsì wà níta. Kò sí ata kankan níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kó jẹ́ kẹ́ẹ̀gì ló ń ṣiṣẹ́ nílé wa láti ọjọ́ yìí wá, tí à ń kí ata kú iṣẹ́.

Ohun tí Màámi sọ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní àbá: ìdáhùn tí a rò pé ó tọ̀nà, tí a ò tíì fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn ní àbá. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà ni pé ohun tó máa gbe àbá wa nìkan la máa ń wá. Ìdánwò tó dára gbọ́dọ̀ fún àbá náà láyè láti ṣubú. Bí kò bá sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tó máa mú kí ẹ sọ pé "mo ṣìnà", ìdánwò kọ́ lẹ ń ṣe.

Nítorí náà, ìwé àti bírò lẹ ó kọ́kọ́ mú, kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀wà. "Ata dára fún ẹ̀wà" kò tó láti kọ, nítorí kò sí ohun tó lè já a nírọ́. Ẹ kọ ohun tí a lè kà: "Bí mo bá da ata ṣọ̀ǹbọ̀ márùn-ún tó gbẹ dé ibi tó ń rún sínú ife ẹ̀wà méjì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, hóró tó lu ihò níbẹ̀ á kéré ju ti èyí tí kò ní ata." Ẹ kọ déètì sí i. Ẹ kọ ohun tó máa já a nírọ́ náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wá ìgò ẹlẹ́nu gbàǹgbà mẹ́jọ tó dọ́gba. Ẹ da gbogbo ẹ̀wà pọ̀ sínú agbada kan, kí ẹ pò ó dáadáa kí ẹ tó pín in, torí bí ẹ bá bu ti ìgò ata láti inú àpò kan, tí ẹ bu ti èkejì láti inú àpò mìíràn, àpò lẹ fi wéra. Ife méjì-méjì ni kí ẹ bù sínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ wá kó kòkòrò ààyè mẹ́wàá-mẹ́wàá sínú gbogbo wọn. Ó lè dà bí ìwà ìkà sí ẹ̀wà, àmọ́ bí kòkòrò ò bá dé ọ̀dọ̀ ata, báwo la ó ṣe mọ̀ bóyá ata lè lé e? Aṣọ fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi bo ẹnu ìgò, kí ẹ fi rọ́bà dè é. Ẹ má lo ọmọrí, nítorí a ò fẹ́ kí àìsí afẹ́fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ má fojú yan ìgò tí ata máa wọ̀. Láìmọ̀, ọwọ́ yín lè lọ sí ibi tí ẹ̀wà ti dán jù. Ẹ kọ nọ́ńbà 1 dé 8 sára àwọn ìgò, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé péépéèpé pẹ̀lú, kí ẹ sì ṣẹ́ gègé. Mẹ́rin tó bá kọ́kọ́ jáde ló ni ata. Orí pẹpẹ kan náà ni kí gbogbo wọn jókòó sí.

Ọgbọ́n kí nǹkan dọ́gba níhà méjèèjì, àyàfi ohun tí à ń dán wò, kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1747, dókítà ọkọ̀ ojú omi kan, James Lind, kó atukọ̀ méjìlá tí àìsàn kan ń ṣe jọ nínú ọkọ̀ Salisbury. Àìsàn náà ń mú kí èrìgì wọn wú, kó sì máa jẹrà. Ibì kan náà ni wọ́n ń sùn, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ó pín wọn ní méjì-méjì, ó fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní oògùn tirẹ̀: àwọn kan gba ọtí kíkan, àwọn kan mu omi òkun, àwọn kan jẹ ọsàn méjì àti lẹ́mọ́ọ̀nù kan lóòjọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọlọ́sàn ló kọ́kọ́ gbádùn. Síbẹ̀, ọdún 1795 ni ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó sọ omi lẹ́mọ́ọ̀nù di dandan. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí iye ẹni tó kú láàárín ọdún wọ̀nyẹn.

Ẹ lè béèrè ìdí tó fi jẹ́ ìgò mẹ́jọ. Bí ó bá jẹ́ méjì péré, kí ata má tilẹ̀ wúlò rárá, ìgò aláta ṣì lè ṣe dáadáa ju èkejì lọ lẹ́ẹ̀kan nínú méjì, bí ìgbà téèyàn ju kọ́bọ̀ sókè. Nínú mẹ́jọ, ọ̀nà 70 ló wà láti mú mẹ́rin. Ọ̀kan ṣoṣo nínú 70 yẹn ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí gègé mú fi máa jẹ́ mẹ́rin tí ihò wọn kéré jù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣòro láti pè é ní kòńgẹ́. Ronald Fisher, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe ìṣirò yìí sínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1935, ife tíì mẹ́jọ ló sì fi ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ má kánjú ka hóró tó lu ihò. Ẹ mú hóró ẹ̀wà kan súnmọ́ ojú lójú mọ́mọ́: bí ẹ bá rí àmì funfun kékeré tó lẹ̀ mọ́ ọn, tí èékánná lè hó kúrò, ẹyin kòkòrò nìyẹn. Bí ẹyin bá pa, ìdin náà á gbẹ́lẹ̀ wọ inú hóró, kò sì ní sí ohun tí ojú máa rí títí á fi dàgbà jáde. Ìgbà yẹn ni ihò róbótó máa hàn, bí ẹni fi ìṣó lu ú. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, gbogbo rẹ̀ ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìyẹn ni pé ẹ̀wà ọjà lè ti lóyún kòkòrò kí ó tó délé yín, ata ò sì lè dé inú hóró lọ bá a. Ìran tó tẹ̀ lé e ló máa sọ òótọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi pè é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Nígbà tó bá pé, kí ẹnìkan ṣa ata kúrò, kó ka ọgọ́rùn-ún hóró láti inú ìgò kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ tó ní nọ́ńbà. Ẹlòmíràn tí kò mọ abọ́ tó jẹ́ ti ata ni kó ka ihò. Mo mọ ara mi: bí mo bá mọ̀ pé abọ́ Màámi ni, ihò tí kò dá mi lójú, n ó fò ó.

Bí ihò inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ní ata bá kéré ju ti mẹ́rin yòókù lọ, àbá náà dúró fún ìsinsìnyí. Ẹ fi ẹ̀wà mìíràn tún un ṣe. Bí wọ́n bá dàrú mọ́ra wọn, àbá náà ò rí ẹ̀rí. Ẹ ò lè wá sọ pé ata ò gbẹ mọ́, torí ẹ ti kọ bó ṣe gbẹ tó sílẹ̀. Bí ẹ bá rò pé ata oríṣi mìíràn ló yẹ, àbá tuntun nìyẹn, ó sì nílò ìgò tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dán kẹ́ẹ̀gì wò, láìsí ata rárá: ìgò mẹ́rin tí a dé pinpin, mẹ́rin tí a fi aṣọ bò.

Ọ̀rọ̀ yìí ju àríyànjiyàn ìyá ọkọ àti ìyàwó lọ. Àwọn tí kòkòrò ti sú lọ́jà ló ń da dichlorvos, apakòkòrò olómi, sínú ẹ̀wà tí èèyàn máa jẹ. NAFDAC, àjọ tó ń ṣàbójútó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti kìlọ̀ lórí rẹ̀ léraléra. Ẹ má fi dán ohunkóhun wò nínú oúnjẹ, májèlé ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ẹ̀wà, mo bẹ̀ yín, ìgò mẹ́jọ, ife ẹ̀wà mẹ́rìndínlógún àti ìwé àkọsílẹ̀ kan ti tó yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.