Kẹ̀kẹ́ Eré-Ìje Tí Kò Gba Afẹ́fẹ́
Ìbéèrè: Rímù kẹ̀kẹ́ mi jìn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì pẹrẹsẹ bí àwo, kò ní sípóòkù. Fọkanáísà abẹ́ bíríìjì Mọ́lété ní páǹpù òun kò bá a mu.

Ìdáhùn: Kò purọ́. Ti mọ́tò ló ń lò, ẹnu túùbù tiyín sì tínínrín. Ẹ ra ìdérí idẹ tó ń so méjèèjì pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì bíńtín orí ẹnu náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó dún “ṣìì”, kí ẹ tó yí idẹ mọ́ ọn. Rímù tó jìn tó mìlímítà 50 ń fẹ́ ẹnu gígùn, bíi 70 tàbí 80. Ihò tí ẹnu túùbù ti yọ lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn há. Ẹnu páǹpù tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ló ń wọ̀ ọ́.

Ẹ̀rọ fọkanáísà ńkọ́? Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí o! Táyà yín kéré, kíá ló máa bẹ́. Páǹpù ọwọ́ tó ní gééjì ni kí ẹ lò, ẹ má sì kọjá iye tí wọ́n kọ sára táyà àti rímù.