Ilé Oníkálukú Lórí Sáfà



Nínú Súrà An-Nuur, aaya 27, Ọlọ́hun kọ̀ fún onígbàgbọ́ òdodo láti wọ ilé onílé láìgba àyè, láìsálámà. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa ń kó fáìlì sí, ní ilé tirẹ̀ pẹ̀lú. Fódà tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń fi FTP gbé fáìlì, ilé náà ni Linux ń pè é.

Ká ní akápò ẹgbẹ́ yín kọ orúkọ àwọn tí ẹ fún ní sàká sínú ilé tirẹ̀, tí arákùnrin tó ń ya fótò sì ní tirẹ̀ lórí sáfà kan náà. Bí ẹ kò bá ti ilẹ̀kùn, oní-fótò lè jáde síta, kó sì yà sílé akápò. Ẹni tí àìní mú gba sàká kò ní kí ayé ka orúkọ òun. Ohun àgbàfipamọ́ ni, ọrùn ẹni tó ń bójú tó sáfà ló sì wà.

Bí vsftpd lẹ bá ń lò, ẹ kọ èyí sínú /etc/vsftpd.conf, kí ẹ sì tún un tan:

chroot_local_user=YES

Lórí ProFTPD, DefaultRoot ~ ni. Láti ìgbà náà, ilé ẹni nìkan ni èèyàn yóò máa rí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí. Láti ẹ̀dà 2.3.5, lọ́dún 2011, vsftpd kì í gbà bí ẹni tí a tì mọ́lé bá tún ní àṣẹ láti kọ nǹkan sí ìpìlẹ̀ ilé náà. Ó lè dá fódà etc tàbí lib ayédèrú síbẹ̀, kí sáfà sì ṣì í mú fún ojúlówó. Àwọn kan a sáré kọ allow_writeable_chroot=YES kí ariwo lè dáwọ́ dúró. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹ fi ilé náà sábẹ́ root, ọ̀gá kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú chown root àti chmod 755, kí ẹ wá la yàrá kan sínú rẹ̀ tí yóò jẹ́ ti oníṣẹ́ náà, níbi tí yóò máa kó fáìlì sí.

FTP lásán tún ń gbé ọ̀rọ̀ ìwọlé kọjá ní gbangba. SFTP ti OpenSSH sàn jù: ChrootDirectory %h àti ForceCommand internal-sftp ni ẹ ó kọ, root náà ni yóò sì ni ilé ọ̀hún.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi orúkọ oní-fótò wọlé fúnra yín, kí ẹ tẹ cd .. lẹ́yìn náà pwd. Bí ó bá fi / nìkan hàn, tí ẹ kò sì rí ilé akápò, ilẹ̀kùn ti tì.