Ẹ̀kọ́ Nípa Oúnjẹ Ẹyẹ Inú Àgò, àti Bí Èèpo Ọkà Ṣe Ń Tan Olúwa Rẹ̀ Jẹ

Ní àkókò tí ọkà bàbà bá gbó ní oko Odò-Ọwá, Ìlọ́fà àti Ọ̀sí, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ológoṣẹ́ àti ẹ̀gà a máa rọ́ wọ inú oko lọ́wọ̀ọ́wọ́. Àwọn ọmọ tí a rán lọ lé wọn a máa mú díẹ̀ bọ̀ wá sí ilé. Wọn a fi ọparun ṣe àgò, wọn a bu èso sí inú agolo kan, wọn a sì gbé e síwájú ẹyẹ náà. Kò ní pẹ́ púpọ̀ tí ẹyẹ náà yóò kú. Bí a bá bi ọmọ náà léèrè ohun tí ó pa á, yóò dáhùn pé àìsàn ni, nítorí pé oúnjẹ ṣì kún inú agolo títí di ìṣẹ́jú tí ó kú. Ẹ jẹ́ kí a yẹ agolo náà wò dáradára, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ebi ni ó pa ẹyẹ náà, kí ó sì jẹ́ pé kò sí oúnjẹ kankan nínú ohun tí ó kún agolo yẹn.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ irú ẹyẹ tí à ń bá wí. Orúkọ ológoṣẹ́ ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa fi pe ẹyẹ kékeré inú Ìwé Ìhìn Rere. Ṣùgbọ́n ní oko wa, ẹyẹ kéékèèké tí ń jẹ èso koríko tí à ń fi orúkọ náà pè ju irú kan ṣoṣo lọ. Ẹ̀gà tóbi jù wọ́n lọ, ẹnu rẹ̀ sì le ju tiwọn lọ. Ní àwọn ìlú ńlá, àwọn ẹlòmíràn ń sin ẹyẹ kékeré kan tí ó ti ilẹ̀ Ọsirélíà wá, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ zebra finch, tí a ti ń bí nínú àgò láti ìran dé ìran. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ sin ẹyẹ, irú èyí tí a bí nínú àgò ni kí ó sìn. Èyí tí a fi tipátipá mú nínú oko, ìbẹ̀rù nìkan tó láti pa á, ó sì sàn kí a ṣílẹ̀kùn fún un kí ó máa lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe mú ẹyẹ oko pamọ́ nítorí pé ó gbọ́ pé àwọn òyìnbó ń fi owó rà wọ́n. Lóòótọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń kó ẹyẹ kéékèèké láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pàápàá láti ilẹ̀ Senegal, lọ sí Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá 2005, nítorí àrùn tí ń pa adìyẹ àti ẹyẹ kiri ayé, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá òwò náà dúró. Ní oṣù keje 2007 wọ́n sì sọ ọ́ di òfin títí lọ. Ní ti ayékòótọ́, láti 2017 ni a ti ka gbígbé èyí tí a mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan lọ tà ní òmíràn léèwọ̀ pátápátá. Àwọn ilẹ̀ mìíràn sì ní ìdí tiwọn láti bẹ̀rù ẹyẹ àlejò: ẹ̀gà ilẹ̀ wa ti dé erékùṣù tí Haiti àti Dominican Republic wà lórí rẹ̀, ó sì ń jẹ ìrẹsì àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ bí ó ti ń jẹ tiwa níhìn-ín.

Ó kù kí a padà sí ọ̀rọ̀ agolo. Ẹ wo bí adìyẹ ṣe ń jẹun. Yóò ṣa ọkà, yóò gbé e mì lódidi, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí ó wà nínú iwe rẹ̀ ni yóò sì bá a lọ̀ ọ́. Ológoṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò mú èso kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, yóò fi ahọ́n yí i, yóò fi etí ẹnu fọ́ èèpo rẹ̀, yóò gbé ọmọ inú rẹ̀ mì, yóò sì jẹ́ kí èèpo jábọ́. Ó ń ṣe èyí kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wa kì í fi í rí i. Níbo ni èèpo ń jábọ́ sí? Inú agolo náà ni, ní orí èso tí ó ṣì kù. Nítorí pé èèpo fúyẹ́, òkè ni yóò máa wà. Nítorí pé kò pàdánù ìrí rẹ̀, ojú ẹni tí ń kọjá yóò rò pé èso ni. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, agolo kò dínkù, ṣùgbọ́n oúnjẹ inú rẹ̀ ń tán lọ.

Kì í ṣe gbogbo ọkà ni ó rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí a ya wọ́n sọ́tọ̀. Jéró àti ọkà bàbà tí a ti pa tí a sì ti fẹ́ kò ní èèpo líle; ohun tí ó máa ń ṣẹ́kù nínú wọn ni èérún àti ìyẹ̀fun. Ọkà bàbà pàápàá tóbi fún ẹnu ológoṣẹ́, àfi bí a bá fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀gà ni ó bá lára mu. Èyí tí ń tan ni jẹ ni èso koríko, ìrẹsì tí a kò tíì bó, irú èyí tí àwọn ará Pàtígi ń gbìn, àti jéró ilẹ̀ òkèèrè tí a ń tà nínú ọ̀rá fún oúnjẹ ẹyẹ. Nínú kílò 5 ìrẹsì tí a kò tíì bó, èèpo nìkan tó nǹkan bí kílò 1. Ẹni tí ó bá ń fi irú èso wọ̀nyí bọ́ ẹyẹ kò gbọdọ̀ gba ohun tí ojú rẹ̀ rí gbọ́.

Àṣìṣe méjì ni ó ń ti ibẹ̀ jáde, ọ̀kan sì lòdì sí èkejì. Ẹnì kan yóò wo agolo, yóò rí i pé ó kún, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹyẹ tí kò wúwo ju gíráàmù 10 sí 15 lọ kò ní ọ̀rá púpọ̀ ní ara. Ọjọ́ kan tàbí méjì láìjẹun lè pa á. Ẹlòmíràn, tí ó ti gbọ́ nípa èèpo, yóò da gbogbo agolo nù sí ààtàn ní àràárọ̀, yóò sì bu tuntun. Ẹyẹ tirẹ̀ kì yóò kú, ṣùgbọ́n èso tí ó dára ni ó ń dà nù pẹ̀lú èèpo, nítorí pé ẹyẹ kì í lè walẹ̀ dé ìsàlẹ̀ agolo tí ó jìn.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò ṣòro, kò sì sí obìnrin kan ní Odò-Ọwá tí kò mọ̀ ọ́n: ẹ fẹ́ ẹ. Bí ìyá wa ti ń da ọkà láti inú atẹ kí atẹ́gùn lè gbé ìyàngbò lọ, bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe sí oúnjẹ ẹyẹ. Ní àràárọ̀, kí a gbé agolo jáde kúrò nínú àgò, kí a gbọ̀n ọ́n díẹ̀ kí èèpo lè wá sí òkè, kí a sì fi ẹnu fẹ́ ẹ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní ìta, ní ibi tí atẹ́gùn yóò ti gbé e jìnnà sí wa. Ẹni tí eruku máa ń mú ikọ́ bá, kí ó fi abẹ̀bẹ̀ ṣe é. Ohun tí ó bá kù nísàlẹ̀ ni oúnjẹ gan-an, òun ni a ó sì fi tuntun díẹ̀ kún.

Àwọn olùkọ́ lè fi èyí ṣe ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì wọn. Kí ọmọ kan bu ìkúnwọ́ kan láti inú agolo tí ẹyẹ ti ń jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta láìfẹ́ ẹ, kí ó dà á sínú abọ́ omi. Èèpo òfìfo yóò léfòó, èyí tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ yóò sì léfòó pẹ̀lú; ọ̀pọ̀lọpọ̀ èso tí ó yè yóò rì. Kí wọ́n tò wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ìwé, kí wọ́n sì kà wọ́n. Ó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n ṣe ìṣirò. Ẹyẹ kan tí ó tó ológoṣẹ́ yóò jẹ nǹkan bí gíráàmù 4 ní ọjọ́ kan, èyí tí ó tó ṣíbí ìmutíì kan. Ẹyẹ mẹ́rin yóò jẹ gíráàmù 16 ní ọjọ́ kan, gíráàmù 112 ní ọ̀sẹ̀ kan, àti kílò tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6 ní ọdún kan. Bí ẹni tí ń sìn wọ́n bá ń da ìdajì ohun tí ó ń bù nù, kílò 12 ni yóò rà. Kílò 6 tí ó dànù yẹn ìbá ti di ẹ̀kọ mímu fún àwọn ọmọ inú ilé, bí ó bá jẹ́ jéró tàbí ọkà bàbà ni.

Ìwọ̀n náà kì í ṣe òfin. Ẹyẹ tí ń yé ẹyin tàbí tí ń tọ́ ọmọ yóò jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sì fẹ́ kòkòrò tútù tàbí ẹyin sísè díẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ bóyá ẹyẹ ń yó ni pé kí a fi ìka kan kàn egungun àyà rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ẹran bá wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó dára. Bí egungun náà bá yọ ṣóńṣó bí ojú ọ̀bẹ, ebi ń pa á tàbí àìsàn ń ṣe é, ohun yòówù tí agolo ìbáà máa sọ.

Nǹkan mìíràn tí ń fi oúnjẹ ṣòfò ni àdàlù èso oríṣiríṣi. Ẹyẹ a máa ní èyí tí ó wù ú. Nígbà tí ó bá ń wá a, yóò fi ẹnu gbá ìyókù sílẹ̀ sí òsì àti sí ọ̀tún. Kí a má ṣe kún agolo dé ẹnu, ìdajì ti tó. Abọ́ tí kò jìn tí ó sì fẹ̀ sàn ju agolo mílíìkì lọ. Kí a má sì gbé e sí abẹ́ igi tí ẹyẹ ń bà lé, kí ó má baà ya ìgbẹ́ sí i. Ẹni tí ó bá ní pákó lè kan àpótí kékeré kan, kí ó dá ihò kan sí iwájú rẹ̀ tí orí ẹyẹ lè gbà, kí ó sì gbé abọ́ sí inú rẹ̀. Èso tí ẹyẹ bá gbá dànù yóò wà nínú àpótí, a ó sì kó o padà. Odidi ṣírí jéró tàbí ti èso koríko tí a so kọ́ sára àgò dára gidigidi, nítorí ẹyẹ yóò máa já a ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń ṣe nínú igbó.

Èso tí ó ti dà sílẹ̀ kì í ṣe òfò owó nìkan. Ní òru, èkúté yóò wá ṣà á jẹ. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ èkúté ṣeré. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 láti ìlú Lassa ní ìhà Borno, ara irú èkúté kan tí ń wọ ilé ni ó ti ń wá; ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tí ó kan oúnjẹ tàbí abọ́ ni ó sábà máa ń gbé e dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Ondó àti Ẹdó, tí kò jìnnà sí wa, wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ti pọ̀ jùlọ. Nítorí náà, kí a má ṣe gbé àgò ẹyẹ sínú ilé ìdáná tàbí yàrá tí a ń sùn sí. Kí a tẹ́ nǹkan sí abẹ́ rẹ̀, kí a kó ohun tí ó bá dà sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí a sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Èyí tí ó mọ́ nínú rẹ̀, kí a dà á fún adìyẹ lójú ọ̀sán. Kò sí ohun tí adìyẹ ń fi ṣòfò.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti bu, tí ó ń rùn, tàbí tí ó ti yí àwọ̀ padà, kí a má ṣe fún ẹyẹ, kí a má ṣe fún adìyẹ, kí a má sì ṣe lọ̀ ọ́ fún ènìyàn. Ní 1960, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù díẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé ẹ̀pà lílọ̀ tí ó ti bu wà nínú oúnjẹ wọn, àti pé olú bíńtín tí ó hù sí i ni ó pèsè májèlé tí a wá ń pè ní aflatoxin. Májèlé yìí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún ènìyàn, sísè lásán kò sì lè pa á run tán. Kí a sá ọkà gbẹ dáradára kí a tó kó o pamọ́ sínú agolo onídèérí. Irúgbìn tí a ti fi oògùn kòkòrò pa lára fún gbígbìn jẹ́ májèlé pẹ̀lú. Kí ọmọdé má ṣe bù ú fún ẹyẹ.

Nígbà tí gbogbo ará ilé bá ń lọ sí oko fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí a má ṣe rò pé agolo ńlá tí a kún dé ẹnu yóò tó. Èèpo ọjọ́ àkọ́kọ́ ni yóò bo oúnjẹ ọjọ́ kejì mọ́lẹ̀, omi yóò sì ti dọ̀tí. Kí a gbé abọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí kò jìn kalẹ̀, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àgò, kí a so ṣírí jéró kan kọ́, kí a sì bẹ ọmọ aládùúgbò kan kí ó máa yà wò wọ́n ní ìrọ̀lẹ́. Kí a fi hàn án kí a tó lọ bí a ti ń fẹ́ èèpo kúrò, kí ó sì ṣe é lójú wa lẹ́ẹ̀kan.