Òǹtẹ̀ Ara Lẹ́tà: Bí A Ṣe Ń Ka Ìtàn Ìlú Lára Àpò Lẹ́tà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òótọ́ ni. Àmọ́ àrọ́bá kì í sábà dá ọjọ́ lé. Bí ẹ bá bi àgbàlagbà kan ní Ìrókò, ìlú mi ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé, pé ìgbà wo ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀, ó lè ní "ọdún Àgbẹ́kọ̀yà ni" tàbí "kí wọ́n tó yí owó padà ni." Ẹlẹ́rìí kan wà tí ó máa ń dá ọjọ́ àti ibi lé, tí púpọ̀ nínú wa sì ń jù sínú iná: àpò lẹ́tà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń kà á, bí a ṣe ń kó o jọ, àti ìdí tí ó fi yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa mọ iṣẹ́ náà.

Kí ni ìtàn ìfìwéránṣẹ́?

Ẹni tó ń kó sítáǹpù jọ lè gé sítáǹpù kúrò lára àpò, kí ó rẹ ẹ́ sómi, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ábúọ̀mù. Ẹni tó ń ṣe ìtàn ìfìwéránṣẹ́ kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Odindi àpò ni ó ń fẹ́, nítorí ohun tó ń wá ni ìrìn àjò lẹ́tà náà: ibi tó ti gbéra, iye tí wọ́n san, ọ̀nà tó gbà, ọjọ́ tó gúnlẹ̀, àti ẹni tó gbà á.

Iṣẹ́ rírán kò ṣàjèjì sí wa. Kí àwọn òyìnbó tó dé ni a ti ń pa àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà sí ẹni tó gbà á. Owó ẹyọ mẹ́jọ túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra. Nínú àrokò, ohun tí a rán gan-an ni ọ̀rọ̀. Nínú lẹ́tà, inú ni ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òde ni ìtàn ìrìn àjò rẹ̀ wà.

Ní 1852 ni wọ́n dá ilé ìfìwéránṣẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1874 ni Èkó ní sítáǹpù tirẹ̀, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gbé sítáǹpù àkọ́kọ́ láyé jáde ní 1840. Ní 1914 ni sítáǹpù tó ní orúkọ "Nigeria" bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ P&T ló ń bójú tó lẹ́tà àti tẹlifóònù pa pọ̀ títí di 1985, nígbà tí wọ́n pín in sí méjì: NITEL gba tẹlifóònù, NIPOST gba lẹ́tà.

Ohun márùn-ún tí a ń kà

*Sítáǹpù.* Ó ń sọ orílẹ̀-èdè tí lẹ́tà ti wá àti iye tí wọ́n san. Kì í ṣe ẹwà rẹ̀ ni a ń wò, bí kò ṣe bóyá owó tó wà lórí rẹ̀ tó fún irú lẹ́tà náà. Bí kò bá tó, ẹ lè rí lẹ́tà "T" tí wọ́n tẹ̀ sí ara àpò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ gbà á ní láti san èyí tó kù kí wọ́n tó fi lé e lọ́wọ́.

*Òǹtẹ̀.* Iṣẹ́ méjì ni òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ń ṣe: ó ń pa sítáǹpù kí ẹnikẹ́ni má baà tún un lò, ó sì ń jẹ́rìí ibi àti ọjọ́. Ó sábà máa ń rí róbótó, orúkọ ọ́fíìsì á wà lókè, déètì á wà láàárín. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ sábà máa ń wọ́. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ máa ń ní ìlà tó ń rú bí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kì í lo sítáǹpù nígbà mìíràn. Ẹ̀rọ wọn a tẹ iye owó àti déètì sára àpò ní àwọ̀ pupa.

*Àdírẹ́sì.* Apá yìí ló dùn jù fún àwa tí a ti abúlé wá. Ilé abúlé kò ní nọ́ńbà, pósítímáànù kò sì ń ti ojúlé dé ojúlé ní oko. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi "c/o" rán lẹ́tà sí ọwọ́ ọ̀gá ilé ìwé, sí ọwọ́ pásítọ̀, tàbí sí ọwọ́ oníṣòwò tó ní "P.O. Box" ní Ìbàdàn. Ẹ wo ohun tí èyí ń kọ́ wa: orúkọ tó wà lẹ́yìn "c/o" ni ẹni tí ìlú fọkàn tán nígbà náà. Bí ẹ bá rí i pé lẹ́tà ìdílé mẹ́ta gba ọwọ́ ọ̀gá ilé ìwé kan náà, ẹ ti mọ ibi tí ìròyìn ti ń wọ ìlú. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní tiwọn ń lo "P.M.B." IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 ní ọ̀nà Mọ́níyà, ń lo P.M.B. 5320, Ìbàdàn.

*Ẹ̀yìn àpò.* Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í yí àpò padà wò. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì tó gba lẹ́tà ti máa ń tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀. Ẹ yọ déètì iwájú kúrò nínú déètì ẹ̀yìn, ẹ ó sì mọ iye ọjọ́ tí lẹ́tà fi rìn. Mo ní àpò kan tó fi ọjọ́ mọ́kàndínlógún rin ìrìn àjò tí mọ́tò ń fi wákàtí kan rìn. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ méjèèjì ń wo ara wọn.

*Àmì àti lébẹ̀ẹ̀lì.* Lẹ́tà tí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ fún ní ọ́fíìsì máa ń ní "R" àti nọ́ńbà, pẹ̀lú ìlà búlúù tó dá àpò ní àgbélébùú. Lẹ́tà ọkọ̀ òfuurufú máa ń ní "Par avion." Èdè Faransé ni, nítorí òun ni èdè tí ẹgbẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé, UPU, ń lò láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní Bern ní 1874. Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ náà ní 1961.

Bí òǹtẹ̀ bá ti parẹ́ ńkọ́?

Òjò àti lààlà a máa pa òǹtẹ̀ rẹ́. Síbẹ̀, ara àpò ṣì ní ohun tí a lè fi díwọ̀n ọdún:

– Bí owó orí sítáǹpù bá jẹ́ pẹ́ńsì tàbí ṣílè, ó ti wà kí 1973 tó dé. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún náà ni náírà àti kọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀.
– "Western Region" ń tọ́ka sí kí 1967 tó dé. "Western State," láàárín 1967 sí 1976. "Oyo State," láti 1976.
– "Oshogbo, Oyo State" kò lè jẹ́ lẹ́yìn 1991 láìjẹ́ pé àṣà àtijọ́ ni ẹni tó kọ ọ́ ń tẹ̀lé, torí ọdún náà ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Bákan náà ni "Ado-Ekiti, Ondo State" àti 1996.
– "University of Ife" di "Obafemi Awolowo University" ní 1987.
– "O.H.M.S." lára àpò ìjọba ń sọ pé iṣẹ́ Ọba tàbí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ni. Nàìjíríà di olómìnira tí kò sí lábẹ́ Ọbabìnrin mọ́ ní 1963. Ṣùgbọ́n àwọn ọ́fíìsì kì í da àpò tó kù nù, nítorí náà ẹ má fi èyí nìkan dájọ́.
– Sítáǹpù "Gold Coast" ti wà kí Gánà tó gba òmìnira ní 1957.

Àwa tí a ń kọ́ nípa èdè ní àfikún kan. Ìlànà àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974 yí bí a ṣe ń kọ Yorùbá padà. Ẹni tó bá kọ "aiye" tàbí "enia" sára káàdì ọdún, ilé ìwé àtijọ́ ló lọ. Àmọ́ bí ènìyàn ṣe kọ́ ọ ní kékeré ni yóò máa kọ ọ́ títí dọjọ́ alẹ́, nítorí náà, ọjọ́ orí ẹni tó kọ ọ́ ni èyí ń fi hàn ju ọdún lẹ́tà lọ.

Àpẹẹrẹ kan láti Ìrókò

Ìyá kan wà ní agboolé wa tí kò mọ ọdún tí wọ́n bí i. Ìwé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ wọn ní 1966, ẹni tó kọ ọ́ ló sì fojú díwọ̀n rẹ̀. Ohun tí àrọ́bá sọ nìyí: Gánà ni àwọn òbí wọn wà, oyún wọn wà ní inú ìyá wọn nígbà tí àwọn òbí náà padà wálé, àti pé wọ́n bí wọn nígbà òjò tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn kan ní ọdún Àgbẹ́kọ̀yà ni wọ́n dé. Ẹlòmíràn ní ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìdílé fẹ́ yí òrùlé ilé padà, wọ́n kó àpótí bàbá náà síta láti sun ohun inú rẹ̀. Mo tọrọ ààyè láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àpò lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí sítáǹpù rẹ̀ jẹ́ ti Gánà, ní pesewa. Orúkọ bàbá náà wà ní ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi ránṣẹ́, òǹtẹ̀ Kùmásì tó wà níwájú sì mọ́ kedere: oṣù Kẹwàá, 1969.

Ẹ jẹ́ kí a tò ó. Ní oṣù Kẹwàá 1969, bàbá náà ṣì wà ní Kùmásì. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì ṣí wálé. Rògbòdìyàn owó orí tí a ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà, tó gbóná ní àwọn oko Ìbàdàn ní 1968 àti 1969, ṣì wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn nígbà náà. Àrọ́bá ẹ̀gbọ́n yẹn bá òǹtẹ̀ mu. Bí wọ́n bá padà ní òpin 1969 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ 1970, ìgbà òjò 1970 ni wọ́n bí ìyá náà.

Ẹ kíyè sí ohun tí òǹtẹ̀ ṣe àti èyí tí kò ṣe. Kò sọ ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ ibi tí lẹ́tà ti gbéra ní ọjọ́ kan. Àrọ́bá ló ṣe ìyókù. Òǹtẹ̀ ló so ó mọ́lẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti sọ mí di ọmọdé!" Wọ́n sì gba àpò náà padà, ó wà lábẹ́ Bíbélì wọn báyìí. Àwòrán rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi.

Lẹ́tà òde òní ńkọ́?

Láti 2001 tí fóònù alágbèéká ti wọlé, lẹ́tà sí ìyá àti bàbá ti dáwọ́ dúró. Àwọn tó kù ni ti ilé ẹjọ́, báǹkì, owó ìfẹ̀yìntì, ilé ìwé òkèèrè àti ẹrù tí ènìyàn rà. Ọ̀pọ̀ rò pé nítorí pé wọn kò tíì pẹ́, wọn kò níye lórí. Òdìkejì ni. Lẹ́tà tí wọ́n rán láti ọ́fíìsì kékeré lónìí kò pọ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í tọ́jú rẹ̀.

Bákóòdù ti di òǹtẹ̀ tuntun. Nọ́ńbà tó wà lára ẹrù tàbí lẹ́tà àgbáyé máa ń jẹ́ àmì mẹ́tàlá: álífábẹ́ẹ̀tì méjì, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, àti álífábẹ́ẹ̀tì méjì tó ń tọ́ka orílẹ̀-èdè. Bí ó bá parí sí NG, Nàìjíríà ló ti gbéra, GB, Gẹ̀ẹ́sì. "R" níbẹ̀rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà tí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ fún, "E" jẹ́ EMS, "C" jẹ́ ẹrù. Ẹ tètè ya fọ́tò irú lébẹ̀ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, torí ooru ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì máa ń ṣá.

Bí a ṣe ń kó o jọ àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

1. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín tàbí ìdílé rẹ̀. Àpò ni tiwa. Lẹ́tà inú rẹ̀ jẹ́ àṣírí ẹlòmíràn. Ẹ má kà á àfi bí wọ́n bá ní kí ẹ kà á, ẹ sì bo orúkọ kí ẹ tó fi àwòrán han ènìyàn.
2. Ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i, ọjọ́ tí ẹ rí i àti ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ọ̀tọ̀, kì í ṣe sára àpò.
3. Ẹ má gé sítáǹpù. Ẹ má lo sẹ́lótéèpù, ẹ má sì ṣe lamínéṣọ̀n.
4. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi gbígbẹ, kí ó jìnnà sílẹ̀ nítorí ikán, kí ó sì jìnnà sí oòrùn.
5. Ẹ ya àpò tó rin ìrìn àjò gidi sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹnì kan rán sí ara rẹ̀ kí ó lè gba òǹtẹ̀. Méjèèjì dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rí wọn kò dọ́gba.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ní ìsinmi tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù wa wá àpò lẹ́tà mẹ́ta péré nílé. Ẹ kọ ohun márùn-ún tí mo kà sílẹ̀ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi àgbà kan léèrè nípa ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn "c/o." Ìdáhùn ìbéèrè yẹn nìkan tó ìpìlẹ̀ àròkọ àṣekágbá. Ẹ̀yin tí ẹ ti kàwé jáde, bí lẹ́tà ìgbaniwọlé yín bá ṣì wà nínú àpò rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sun ún. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀.