Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Wẹ́wẹ́ Tó Pọ́n Jù fún Kéèkì Ọdún

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ìyálé ilé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí èèpo rẹ̀ ti dúdú kì í rí oníbàárà lọ́jà. Ewúrẹ́ ni a máa ń kó o fún. Òfò ńlá ni. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń pọ́n ni sítáàṣì inú rẹ̀ ń di ṣúgà, nítorí náà, èyí tí ọjà kọ̀ gan-an ló yẹ kéèkì Kérésìmesì. Kìkì èyí tó bá ń ṣomi, tó sì ń rùn bí ọtí, ni kí ẹ dànù.

Ẹ fi ṣíbí tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ 4 títí yóò fi kúnná. Ẹ po ìdajì ife bọ́tà mọ́ ìdajì ife ṣúgà (ẹ má fi kún un, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ní tirẹ̀), kí ẹ lu ẹyin 2 sí i, lẹ́yìn náà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ wá da ife fùláwà 2, ṣíbí kékeré 2 béékìn páúdà àti iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ rò ó níwọ̀nba. Àròjù a máa mú kéèkì le.

Ẹni tí kò ní ààrò, kí ó da yanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò irin tó nípọn, kí ó dé e, kí ó sì gbé e kaná èédú fún ìṣẹ́jú 20. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọn kì í dúró kí yanrìn gbóná, kéèkì wọn a sì wọlẹ̀ láàárín. Ẹ fi bọ́tà pa inú páànù, ẹ da àpòpọ̀ náà sí i, ẹ gbé e lé yanrìn, ẹ dé ìkòkò, kí ẹ sì kó èédú pípọ́n díẹ̀ sórí ìdérí. Ẹ má ṣí i kí ìṣẹ́jú 45 tó pé. Bí ọ̀bẹ tí ẹ tì bọ àárín rẹ̀ bá jáde ní mímọ́, ó ti jinná.