Memini: Ẹ̀kọ́ Kan Lórí Ìrántí Nínú Èdè Látìn

Àwa tí a kọ́ èdè Látìn ní ilé-ìwé yìí kò lè gbàgbé amo, amas, amat, tí a máa ń kà ní ohùn kan náà kí agogo oúnjẹ ọ̀sán tó dún. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà rọrùn, ó sì ń tẹ̀lé òfin. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí olùkọ́ wa kò fi hàn wá títí a fi wọ Fọ́ọ̀mù Kẹta, nítorí pé kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn. Memini ni, “mo rántí”. Ní àkókò àjọ̀dún yìí, tí ìrántí kún ẹnu gbogbo wa, ó yẹ kí a tún un yẹ̀ wò, kí ẹ̀yin òbí tí ẹ kò kọ́ Látìn rí sì bá wa gbọ́ ọ.

Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe Látìn ni àsìkò ìsinsìnyí: amo, mo fẹ́ràn. Memini kò ní irú rẹ̀ rárá. Ìrísí rẹ̀ jẹ́ ti ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ tí ó sì ti parí, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ìsinsìnyí. Báyìí ni a ṣe ń kà á:

memini – mo rántí
meministi – o rántí
meminit – ó rántí
meminimus – a rántí
meministis – ẹ rántí
meminerunt – wọ́n rántí

Bí a bá fẹ́ sọ pé a rántí nígbà kan rí, memineram ni a ó lò. Bí ó bá jẹ́ ti ọjọ́ iwájú, meminero. “Láti rántí” ni meminisse. Odi, “mo kórìíra”, àti novi, “mo mọ̀”, ń rìn ní irú ọ̀nà yìí pẹ̀lú.

Kí ni ìdí rẹ̀? Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà kan náà ni ó bí mens, èyí tí í ṣe ọkàn tàbí iyè. Àpètúnpè ìró tí ó wà níwájú rẹ̀, me-min-i, jẹ́ àmì iṣẹ́ tí ó ti parí, gẹ́gẹ́ bí disco, “mo ń kọ́ ẹ̀kọ́”, ti ń di didici, “mo ti kọ́ ọ”. Ohun tí a rántí jẹ́ ohun tí a ti fi sínú ọkàn tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ náà ti parí, èrè rẹ̀ ni ó kù lọ́wọ́ wa.

Nígbà tí èyí ń rú wa lójú, èdè Yorùbá ni olùkọ́ wa fi là á yé wa. Wọ́n ní bí a bá sọ pé “mo ra ìwé”, rírà náà ti parí. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé “mo mọ ilé rẹ̀”, mímọ̀ náà wà lọ́wọ́ wa títí di ìsinsìnyí, bẹ́ẹ̀ ni a kò fi “ń” kún un. Ìrísí kan náà ni, ìtumọ̀ ni ó yàtọ̀. Láti ọjọ́ náà ni memini kò ti jẹ́ àjèjì sí wa mọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ìlò rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni kókó ẹ̀kọ́ yìí wà. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà fi ọ̀rọ̀-orúkọ tẹ̀lé memini. A lè sọ pé magistrum memini, kí olùkọ́ wà ní ipò accusative, ìyẹn ipò abọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ti rí olùkọ́ náà rí, àwòrán rẹ̀ sì wà lọ́kàn wa. A sì lè sọ pé magistri memini, kí olùkọ́ wà ní ipò genitive, èyí tí a sábà máa ń fi sọ pé nǹkan jẹ́ ti ẹnì kan. Ìtumọ̀ ti èyí jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: a ń náání olùkọ́ náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ wá lógún. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìrántí ojú, ti èkejì jẹ́ ìrántí ọkàn.

A ní láti jẹ́wọ́ níhìn-ín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, accusative nìkan ni ẹgbẹ́ wa fi rántí olùkọ́ Látìn wa. Ní gbogbo ìpàdé ni ẹnì kan yóò sín ìrìn wọn jẹ, tí a ó sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wa. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wa béèrè ibi tí Bàbá ń gbé. Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Nígbà tí a wá wọn kàn, ojú wọn kò ríran mọ́. A gbé àpò owó sílẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n béèrè ni ẹni tí yóò máa wá kàwé sí wọn létí. Láti ìgbà náà ni a ti ń pín in ṣe láàrin ara wa. Oṣù mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í lọ. Genitive kò rọrùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ àṣẹ. Memento ni fún ẹnì kan, mementote fún ọ̀pọ̀. Ìrísí àṣẹ tí ń wo iwájú ni, irú èyí tí àwọn ará Róòmù fi ń kọ òfin wọn. Memini kò sì ní òmíràn. Nígbà tí òbí bá sọ fún ọmọ tí ń lọ sí ilé-ìwé pé “Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe”, memento gan-an ni ó pa láṣẹ: kì í ṣe ti òní nìkan, ti gbogbo ọjọ́ tí ń bọ̀ ni. Nínú Bíbélì Látìn pẹ̀lú, memento ni olè orí àgbélébùú sọ fún Jésù, ó sì fi ara rẹ̀ sí ipò genitive. Kò tọrọ pé kí Olúwa má ṣe gbàgbé ojú òun. Ó tọrọ pé kí Ó náání òun.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti sọ memento di orúkọ ẹ̀bùn ìrántí. Bóyá ẹ ó gba ife tàbí fìlà tí a tẹ àmì ilé-ìwé wa sí lára. Ẹ gbà á tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àṣẹ ni orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá wa nìyí. Kí olúkúlùkù wa kọ orúkọ ẹnì kan tí ó ṣiṣẹ́ fún wa ní ilé-ìwé yìí sílẹ̀: olùkọ́, alásè, tàbí ẹni tí ń lu agogo. Lẹ́yìn náà, kí a wádìí ibi tí ẹni náà wà, kí àjọ̀dún yìí tó parí.

Mementote.